Ewé Tí Ó Sin Obì Dé Kánò

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Òwe yìí jẹ́rìí pé ewé ni àwọn baba wa fi ń di ọjà wọn. Ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún àti yíká ilẹ̀ Ìgbómìnà, ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n obì ni ó fi ọgbọ́n náà hàn jù lọ. Bí obì bá gbẹ, ó di igi. Bí omi bá pọ̀ fún un, ó jẹrà. Nítorí náà àwọn alóbì a tẹ́ ewé gbòdògì sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a da obì sí i, wọn a sì fi ewé bò ó. Wọn a máa tú u wò, wọn a ṣa èyí tí kòkòrò jẹ kúrò, wọn a fi ewé tútù rọ́pò èyí tí ó gbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó sí Kánò ní 1912, ewé kan náà ni ó sin obì dé Òkè Ọya.

Ní 1933 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwárí ọ̀rá. Ó fúyẹ́, kì í jò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá pẹ́ lára ọṣẹ títí ayé, kò ní di ọṣẹ. Gọ́tà ni ó ń dí. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Èkó kéde òfin tí ó de abọ́ fóòmù tí a fi ń bu oúnjẹ.

Lónìí, àwọn kan ń fi fọ́nrán èèpo àgbọn ti ẹrù ẹlẹgẹ́ dípò fóòmù. Àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn alóbì lọ, kí ọgbọ́n wọn tó bá wọn wọ ilẹ̀.