Ìran Antonio ní Virginia: Àrọ́bá, Ìwé Ilé-Ẹjọ́ àti Ẹ̀rí Ìbátan

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ baba ńlá rẹ̀ nígbà tí a ti já a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn tí í máa kì í, tí a gbé e la òkun kọjá, tí a sì sọ ọ́ ní orúkọ tí kì í ṣe ti ilé baba rẹ̀? Èrò mi ni pé, ní Amẹ́ríkà ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ lé e lórí, ilẹ̀, owó orí àti ẹjọ́ ni a fi ń tọ ipasẹ̀ irú baba ńlá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan; ẹni tí ó bá sì ń ka ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wádìí ẹni tí ó kọ ọ́, àti ìdí tí ó fi kọ ọ́.

Nínú ìkànìyàn Virginia ti ọdún 1625, a rí adúláwọ̀ kan, Antonio, tí ọkọ̀ James gbé dé ní 1621, àti obìnrin adúláwọ̀ kan, Mary, tí ó dé ní 1622, tí àwọn méjèèjì wà lóko tábà Edward Bennett. Nígbà tí ó ṣe, Anthony Johnson àti Mary aya rẹ̀ fara hàn nínú ìwé ilé-ẹjọ́ Northampton, níbi tí ìwé ẹjọ́ wà láìjá láti 1632. Orúkọ Johnson nìkan kò tó ẹ̀rí. Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá náà ń jẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ pè é ní ìbátan Antonio. Bí orúkọ ọkọ, ti aya, àwọ̀ àti àkókò ṣe bára mu ni ó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn kan náà ni wọ́n.

Láti ibẹ̀ lọ, ohun ìní ni ó ń jẹ́rìí. Ní 1651 Anthony gba 250 éékà ilẹ̀, 50 éékà lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ènìyàn márùn-ún tí a kọ pé ó mú wá sí Virginia. Ní 1653, lẹ́yìn tí iná ti jó oko rẹ̀, ilé-ẹjọ́ yọ Mary àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì kúrò nínú owó orí títí ọjọ́ ayé wọn. Òfin 1643 ti bu owó orí lé àwọn obìnrin adúláwọ̀. Nítorí náà òfin tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó pa ìròyìn wọn mọ́ fún wa.

Ìwé ilé-ẹjọ́ kan náà kò bo àléébù Anthony. Ní 1655, ilé-ẹjọ́ dá John Casor, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, tí ó ní àkókò ìsìn òun ti pé, padà sábẹ́ Anthony tí ó ní ẹrú òun ni títí ayé. Ọmọ tí ń wá ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo ojú ìwé yìí, nítorí ẹni tí ó bá ṣa èyí tí ó wù ú nínú ìtàn baba rẹ̀ ti pa irọ́ mọ́ baba náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: nígbà tí Anthony kú ní 1670 ní Maryland tí ó ti ṣí lọ, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Virginia ní kí ọba gba ilẹ̀ rẹ̀ tí ó wà ní Virginia nítorí pé adúláwọ̀ ni, àlejò sì ni, ẹni tí ó ti ro oko níbẹ̀ ju ogójì ọdún lọ! Gbólóhùn yẹn kò sọ irú ènìyàn tí Anthony jẹ́. Irú òfin tí ń dìde ni ó sọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 1677, ọmọ-ọmọ rẹ̀, John Johnson, ra 44 éékà ní Maryland, ó sì pe ilẹ̀ náà ní Angola. Nígbà tí a bá fi kún un pé Angola ni a ti kó àwọn tí ó dé Virginia ní 1619 wá, ó ṣeé ṣe gan-an pé ibẹ̀ ni orírun Antonio. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣeé ṣe ni, kì í ṣe ohun tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Iṣẹ́ títọ ipasẹ̀ yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọn tí ó dé lẹ́yìn Antonio, nítorí òfin Virginia ti 1662 ní kí ọmọ jogún ipò ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe òmìnira, àti pé ìkànìyàn 1850 àti 1860 ka àwọn ẹrú láìkọ orúkọ wọn, títí di 1870. Ẹni tí ń wá irú baba bẹ́ẹ̀ ní láti wá inú ìwé ohun ìní olówó ẹrú, kí ó sì máa tọ ìlà ìyá lọ. Kí ó ya ohun tí ó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò, kí ó má sì tìtorí ìfẹ́ ìdílé fi àròsọ dí àlàfo ìtàn. Nítorí àwọn òkú wọ̀nyí ti rí ẹni tí ó fi agbára sọ wọ́n ní orúkọ rí, ó sì tọ́ kí ọmọ wọn fi òtítọ́ nìkan pè wọ́n.