Ọ̀nà Èédú Tó Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Orí òkè ni ìlú Consett wà ní agbègbè Durham, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sunderland wà létí òkun. Ọ̀nà kan so àwọn méjèèjì pọ̀, ó gùn tó nǹkan bíi máìlì 24, ó sì gba inú pápá, igbó àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ìlú kéékèèké kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mọ́tò kì í débẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ló ni ín. Consett fi ohun tó lé ní 800 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, síbẹ̀ ṣàṣà ni ibi tí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ yóò ti tẹ bíréèkì le. Bàbá mi, tó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh kiri abúlé ra kòkó ní ìhà Oǹdó, ì bá fẹ́ràn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Gateshead ni mò ń gbé, mo sì máa ń gba ọ̀nà yìí nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Bí mo ṣe ń gbà á ni mo ń wádìí ìtàn rẹ̀. Kò sí ẹni tó la ọ̀nà yìí fún afẹ́. Èédú, òkúta ẹfun àti irin ni wọ́n torí rẹ̀ là á, òógùn àti ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n sì fi là á.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dáyé, àwọn olówó èédú ní Durham ti mọ̀ pé wíwa èédú nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Èédú gbọ́dọ̀ dé etí odò Tyne tàbí odò Wear, kí ọkọ̀ ojú omi tó lè gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà a di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ẹrù a rì. Wọ́n bá to igi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń to irin reluwé lónìí, ẹṣin sì ń fa ẹrù lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítòsí ìlú Stanley, afárá òkúta kan wà tó ń jẹ́ Causey Arch. Ọ̀mọ̀lé kan, Ralph Wood, ló kọ́ ọ láàárín 1725 sí 1726, kí ẹṣin lè fa èédú gba orí àfonífojì kọjá. Òun ni afárá reluwé tó dàgbà jù nínú èyí tó ṣì dúró láyé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ó ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ ojú irin Stockton àti Darlington tó gbéra ní 1825. Mo ti rìn lórí rẹ̀. Digbí ló wà.

Ní 1834 ni wọ́n ṣí ojú irin Stanhope àti Tyne, èyí tó ń kó òkúta ẹfun láti Stanhope, gba orí òkè, tó sì ń kó èédú lọ sí South Shields. Robert Stephenson ni onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà kò lọ gba òfin nílé aṣòfin tí ì bá fún wọn lágbára láti ra ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lọ, wọ́n sì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ náà jẹ èrè wọn run. Nígbà tó fi máa di 1841, gbèsè ti tú ilé iṣẹ́ náà ká, Stephenson tó ti gba ìpín ìdókòwò dípò owó iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là kò bá wọn kú.

Lórí ojú irin yẹn, ẹṣin ń fa ẹrù níbi tó tẹ́jú. Níbi tó ga, ẹ̀rọ tó dúró lójú kan lórí òkè ló ń fi okùn fà á. Níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹrù fúnra rẹ̀ ló ń sáré lọ. Nítòsí Consett, àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Hownsgill. Okùn ni wọ́n fi ń sọ ọkọ̀ ẹrù kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, okùn náà ni wọ́n sì fi ń fà á gòkè lódìkejì. Ọdún 1858 ni afárá wọn parí níbẹ̀, ihò abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 12, gíga rẹ̀ tó 175 ẹsẹ̀ bàtà. Thomas Bouch ló yàwòrán rẹ̀, Bouch yìí kan náà tó ṣe afárá odò Tay ní Scotland, èyí tó wó pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin lórí rẹ̀ nínú ìjì oṣù Kejìlá ọdún 1879. Ti Hownsgill kò wó. Orí rẹ̀ ni àwa oníkẹ̀kẹ́ ń gbà títí di òní.

Ojú irin ló bí Consett. Ní 1840, nígbà tí ojú irin ti pé ọdún mẹ́fà, ilé iṣẹ́ irin kan dé síbẹ̀, torí èédú wà nítòsí, òkúta ẹfun sì ń bọ̀ láti Stanhope. Abúlé di ìlú. Fún ogóje ọdún ni wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀, eruku pupa sì bo ilé, igi àti ènìyàn. Ìyá àgbà kan tí mo bá pàdé ní Leadgate sọ fún mi pé aṣọ funfun tí ìyá òun bá sá síta, pupa ni í wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Àlejò tó bá débẹ̀ lónìí kò ní mọ̀ pé iná jó níbẹ̀ rí.

Àwọn abúlé awakùsà náà ti rí tiwọn ṣáájú. Ní 1951, ìjọba agbègbè Durham pín àwọn ìletò rẹ̀ sí ìsọ̀rí. Àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún bọ́ sí ìsọ̀rí D: kò ní sí ilé tuntun fún wọn mọ́, èédú wọn ti tán, kí wọ́n máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará abúlé jà, púpọ̀ nínú wọn kò sì kú. Ìjọba agbègbè yìí kan náà ló wá ṣe ohun rere kan tí mo ń yìn ín fún: bí ojú irin ṣe ń kú, ó ń gba ilẹ̀ rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gé e tà. Ojú irin àfonífojì Derwent, tí wọ́n ṣí ní 1867, di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 1972.

Irú iṣẹ́ yìí kò mọ sí Durham nìkan. Ní 1977, àwọn kan ní Bristol dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, èyí tó di Sustrans. John Grimshaw ni onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Láàárín 1979 sí 1986, wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ láti Bristol dé Bath di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ wọ́n lórílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ètò ìjọba kan sì wà tó ń san owó fún àwọn tí kò níṣẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ ìlú. Irú wọn ló fi ṣọ́bìrì tẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Sustrans ṣe. Ní 1994, wọ́n ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 140, láti Whitehaven àti Workington létí òkun ìwọ̀-oòrùn, dé Sunderland àti Tynemouth; ọ̀nà Consett sí Sunderland yìí jẹ́ apá kan rẹ̀. Whitehaven náà, ìlú èédú ni. Kòtò ìwakùsà rẹ̀ tó kẹ́yìn, Haig, 1986 ni wọ́n tì í.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kò gbàgbé ohun tó ti wà níbẹ̀. Nítòsí Consett, David Kemp fi irin ẹ̀rọ iná mànàmáná àtijọ́ ṣe ère gàgàrà méjì, awakùsà àti ayọ́rin. Lẹ́bàá Beamish, Sally Matthews fi àlòkù irin ṣe àwọn màlúù.

Ṣùgbọ́n Stanley ni ẹsẹ̀ mi ti máa ń wúwo jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1909, kòtò èédú West Stanley bú gbàmù. Èèyàn 168 ló kú, ọkùnrin àti ọmọdékùnrin. Ìdílé kan lè sin bàbá, kí wọ́n tún sin ọmọ. Ní Sunderland, níbi tí ọ̀nà náà parí sí, wọ́n ti kòtò Wearmouth ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Pápá bọ́ọ̀lù ìlú náà ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1997, wọ́n sì gbé ère àtùpà awakùsà sí iwájú rẹ̀.

Ìdájọ́ mi rèé. Ìwà láàyè ọ̀nà yìí kò sí lọ́wọ́ ọ̀dà tàbí àmì tí wọ́n gbé sẹ́bàá rẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti òkè dé òkun ló gbà á là. Níbi tí wọ́n ti ta ojú irin ní ègé ègé, tí ilé ti bo ibì kan, tí wọ́n ti wó afárá níbòmíràn, owó tabua kò lè dá a padà mọ́. Durham tètè rí i, ó gba ilẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí àwọn aráàlú fi ń jẹ̀gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Newcastle, Gateshead, Durham àti Sunderland, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbé kẹ̀kẹ́, ẹ mú àwọn ọmọ dání. Bí ẹ bá dé Stanley, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ ìtàn àwọn 168 yẹn fún wọn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì ń bèèrè èrò aráàlú lórí owó ìtọ́jú ọ̀nà yìí, ẹ má dákẹ́. Ẹni tó ń san owó orí nílùú ní ìpín nínú ọ̀nà ìlú.