Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ àti Ọjọ́ Awo



Kí ìwé títẹ̀ tó dé, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni Ìjẹ̀bú àti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ òrìṣà: Ọjọ́ Ọbàtálá, Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ 16 ni à ń pè ní ìtàdógún.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje bá ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti ọmọlẹ́yìn Kírísítì wọlé. Òun náà ni ìwé títẹ̀ tẹ̀lé, láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wá ń tẹ kàlẹ́ńdà tiwọn, títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, wọ́n fi àwòrán olóyè sí àárín, ti ọmọ ẹgbẹ́ yí i ká, oṣù méjìlá sì wà nísàlẹ̀. Owó ìdá, owó àwòrán àti ẹ̀bùn ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó atẹ̀wé. Báyìí ni owó ṣe di òṣùwọ̀n àyè: ẹni tí ó san jù ni àwòrán rẹ̀ ń tóbi jù.

Ti àwa awo gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin 91, ó sì ku ọjọ́ kan. Nítorí náà ni Ọjọ́ Awo fi ń yẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ka ọjọ́ níwájú àwọn àgbà, kí gbogbo wa dá iye kan náà, kí àwòrán sì gba àyè tí ó bá ṣẹ́kù. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ wa yóò mọ ojú olówó, kò ní mọ ọjọ́ tí à ń bọ Ifá.