Ìgbéléwọ̀n Lemọ́lemọ́ àti Káàdì Èsì: Kí Ni Òbí Ń Gbọ́ Nípa Ẹ̀kọ́ Ọmọ Rẹ̀?

Ìfáárà

Kí ó tó di ọdún 1977, ìdánwò àṣekágbá ni a gbójú lé jù lọ láti mọ ibi tí ọmọ bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé ní Nàìjíríà. Bí ibà bá dá ọmọ dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Ìwé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè tí ó jáde lọ́dún náà ni ó fi ìgbéléwọ̀n lemọ́lemọ́ kún un, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 sì gbé e wọ kíláàsì. Àpilẹ̀kọ yìí ń wo bí èsì ìgbéléwọ̀n náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ òbí. Èrò wa ni pé kíkó máàkì jọ ti mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lára. Ṣíṣe àlàyé rẹ̀ fún òbí ni kò tíì mọ́ ọn lára.

Ohun tí ìlànà béèrè

Ìwé ìtọ́ni tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 1985 ka ohun mẹ́rin sílẹ̀: kí ìgbéléwọ̀n létò, kí ó kárí, kí ó máa ṣàkójọ iṣẹ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa tọ́ ọmọ sọ́nà. Kì í ṣe ọgbọ́n orí nìkan ni a ó wọ̀n; ìwà àti iṣẹ́ ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Àjọ ìdánwò WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, náà máa ń gba máàkì yìí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà.

Káàdì èsì

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìgbéléwọ̀n ló ni máàkì 40, ìdánwò ìparí sáà ló ni 60. Ká ní ọmọ méjì gba 52 nínú ìṣirò. Èkíní gba 38 nínú 40 àti 14 nínú 60. Èkejì gba 12 nínú 40 àti 40 nínú 60. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ní ń bá èkíní ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tàbí pé ìdánwò ń já a láyà. Ó lè jẹ́ pé èkejì máa ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ ọjà. Ohun tí yóò ran èkíní lọ́wọ́ kọ́ ni yóò ran èkejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ 52 kan náà ni òbí méjèèjì rí.

Ipò ni ojú òbí sì máa ń kọ́kọ́ wá. Inú rẹ̀ á dùn sí "ipò kẹta", kò ní béèrè bóyá ọmọ mẹ́sàn-án péré ló wà ní kíláàsì. Ní ti ìmọ́tótó, ìwà àti ìkọ̀wé, olùkọ́ tí ọmọ 60 wà níwájú rẹ̀ lè kọ 4 láti òkè délẹ̀, kí ó fi "Ó gbìyànjú" dé e lórí.

Èdè tí èsì ń sọ

Gẹ̀ẹ́sì ni káàdì sábà máa ń sọ. Òbí tí kò gbọ́ ọ yóò ní kí ọmọ kà á fún òun: ẹni tí ẹjọ́ kàn di ògbufọ̀ adájọ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Èdè tí ó gbé sáyẹ́ǹsì kò ní ṣàìgbé ìlà mẹ́ta lórí káàdì.

Ilé-kéú kò ní ìṣòro ògbufọ̀ yìí. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, ìyẹn ayẹyẹ Kùránì kíkà, ọmọ á jókòó láàárín ẹbí, á ké Kùránì jáde, olúkúlùkù á sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ó kà á dé.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú ohun mẹ́rin tí ìwé 1985 béèrè, títọ́ ọmọ sọ́nà ni kì í bá káàdì délé. A dábàá pé kí a yọ ipò kúrò lórí káàdì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlà Yorùbá kan rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún àpẹẹrẹ: "Ó mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò dáadáa, ìsọdipúpọ̀ láti orí 7 lọ ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí ó máa kà á sí yín létí lálẹ́." Òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣe ìyẹn.