Àṣẹ DEL Kò Nu Ohunkóhun Kúrò Lórí Dísìkì

Èrò kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó lo kọ̀ǹpútà ayé DOS, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn sì jogún rẹ̀: pé bí èèyàn bá ti kọ DEL, tó kọ orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, tó sì tẹ Enter, ohun tó wà nínú fáìlì náà ti kúrò lórí dísìkì nìyẹn. Èrò mìíràn ń bá a rìn: pé iṣẹ́ àràmàǹdà kan ni UNERASE, ètò kékeré tí Peter Norton gbé jáde lọ́dún 1982, ń ṣe nígbà tó bá dá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà. Méjèèjì kò tọ̀nà, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú flọ́pì 360K, irú èyí tí IBM PC lò. DOS pín in sí ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pè ní cluster, báìtì 1,024 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní báìtì 32 tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ directory. Báìtì 8 jẹ́ ti orúkọ, 3 jẹ́ ti ìrù orúkọ. Nínú ìyókù la ti ń rí ọjọ́ àti aago tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn, nọ́ńbà cluster tó ti bẹ̀rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àtẹ FAT, tó ń sọ cluster wo ló tẹ̀ lé èwo títí fáìlì á fi parí.

Nígbà tí DEL bá dé, ohun méjì péré ló ń ṣe. Ó ń fi báìtì E5 rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ fáìlì, ó sì ń kọ òdo sí ojú àwọn cluster rẹ̀ nínú àtẹ FAT, kí fáìlì mìíràn lè rí àyè gbà. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú àwọn cluster náà rárá. Ńṣe ló dà bí olùkọ́ tó fa ìlà lé orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà, tí ọmọ náà ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àwọn tó ṣe DOS kò ṣàìbìkítà o. Flọ́pì ayé ìgbà náà ń falẹ̀. Bí DEL bá ní láti kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo báìtì, pípa fáìlì rẹ́ á máa gba àkókò tó pọ̀ tó kíkọ ọ́. Àmì E5 náà ní ìtàn: CP/M ti ń lò ó kí Tim Paterson tó kọ ètò tó di MS-DOS lọ́dún 1980.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí DEBUG ń bá DOS wá. Fi flọ́pì 360K náà sí A, pe DEBUG, kí o sì kọ L 100 0 5 7. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó ka sector méje, bẹ̀rẹ̀ láti orí sector 5, wá sí àdírẹ́sì 100. Ibẹ̀ gan-an ni directory irú flọ́pì bẹ́ẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, kọ D 100. Ká ní LETTER.TXT ni fáìlì tí wọ́n pa rẹ́: wàá rí E5, wàá sì rí ETTER àti TXT lẹ́yìn rẹ̀ láìyingin. Bí ìlà kejì rẹ̀ bá parí sí 28 00 B8 0B 00 00, ohun tó ń sọ ni pé cluster 40 ni fáìlì náà ti bẹ̀rẹ̀, báìtì 3,000 sì ni ìwọ̀n rẹ̀. L nìkan ló sọnù nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí UNERASE àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń béèrè lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín: kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i.

Àtẹ FAT ni ìṣòro wà. Báìtì 3,000 gba cluster mẹ́ta, ṣùgbọ́n DEL ti pa ìsopọ̀ wọn rẹ́. Ètò agbanisílẹ̀ á méfò pé 40, 41 àti 42 ni. Bí fáìlì náà bá wà lójú kan, ó bọ́ sí i. Bí ó bá fọ́n káàkiri, tàbí tí fáìlì tuntun ti gba ọ̀kan nínú àyè rẹ̀, ètò náà lè so ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́ ìwé rẹ láìmọ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbà pé UNERASE kò lè kùnà ṣì í bí ẹni tó gbà pé DEL nu fáìlì kúrò.

Ẹni tó mọ assembly díẹ̀ lè kọ irú ètò yìí fúnra rẹ̀. INT 25h ló ń ka sector, INT 26h ló ń kọ ọ́. Àwọn méjèèjì máa ń fi flags sílẹ̀ lórí stack, ọ̀pọ̀ ètò ló sì ti ti ibẹ̀ dákú, nítorí ẹni tó kọ wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́. Nínú FAT flọ́pì, bíìtì 12 ni àyè kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé àyè méjì ló ń pín báìtì mẹ́ta. Ibẹ̀ gba sùúrù. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣirò lásán ni.

Microsoft pàápàá jẹ́rìí sí i pé DEL kì í nu fáìlì. MS-DOS 5.0 ti ọdún 1991 gbé UNDELETE wá, èyí tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Central Point Software. MIRROR tó bá a wá lè máa kọ nọ́ńbà cluster fáìlì tí wọ́n ń pa rẹ́ sínú PCTRACKR.DEL, kí UNDELETE má bàa méfò mọ́. FORMAT náà rí bẹ́ẹ̀: láti ìgbà MS-DOS 5.0, àfi kéèyàn fi /U kún un kó tó nu flọ́pì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá DOS kọjá lọ. FAT32 tó wà lórí memory card kámẹ́rà àti fóònù ṣì ń lo E5 náà. Bí àwòrán ìgbéyàwó bá ṣèèṣì di pípa rẹ́, yọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀, má sì ya àwòrán mìíràn sí i kí o tó wá ètò tí yóò gbà á sílẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ ta kọ̀ǹpútà àlòkù, má gbẹ́kẹ̀ lé Delete. Lo ètò tó ń kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo dísìkì, bí WIPEDISK inú Norton Utilities ti ń ṣe nígbà DOS. SSD nìkan lọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí TRIM lè mú kí ohun tí wọ́n pa rẹ́ lọ ní tòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn mọ́ pé DEL ń nu fáìlì. Ẹ ṣí DEBUG, kí ẹ fi E5 hàn wọ́n.