Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní Ìlọrin: Ẹ̀kọ́ Kan nípa Dídàgbà nínú Oore-ọ̀fẹ́



Nígbà tí Àpọ́sítélì Pétérù ń parí ìwé rẹ̀ kejì sí ìjọ, ó gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú pé kí wọn má ṣe dúró sójú kan, bí kò ṣe pé kí oore-ọ̀fẹ́ máa pọ̀ sí i nínú wọn. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú yìí. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ẹnìkan ti dàgbà nípa ti Ẹ̀mí? Nígbà tí ẹ̀wù ọmọ bá kúrú mọ́ ọn lára ni ìyá rẹ̀ ń mọ̀ pé ó ti ga sí i. Ọkàn kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn kan ń ka ọdún tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi. Àwọn mìíràn ń wo ipò wọn nínú ìjọ. Àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ ń wo bí wọ́n ti lè fi Ìwé Mímọ́ borí ẹnìkejì nínú iyàn tó. Àwa fẹ́ fi ìtàn dá ìbéèrè náà lóhùn, ìtàn tí ó kan ìlú Ìlọrin yìí gan-an.

A bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìwọ̀n ọdún 1807. Ọmọdé ni nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dàrú. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, ó fi Ìlọrin ṣe ibi agbára rẹ̀, ó sì fi Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ṣe alábàárìn. Ogun bo ilẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn jagunjagun tí Fúlàní àti Yorùbá ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí wà nínú wọn ṣubú lu Òṣogùn, wọ́n pa ìlú náà run, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a ń tà á, títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Pọtogí rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, a sì kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Sàró.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i: ẹni tí ó ní ìdí láti kórìíra Mùsùlùmí ni Àjàyí. Bí ó bá fi ìbínú pamọ́ sínú títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ta ni ìbá dá a lẹ́bi?

Ní Sàró ni ó ti mọ ìwé, níbẹ̀ ni ó sì ti gba ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, tí a sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ìtara rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ó di olùkọ́, ó ń bá àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ jiyàn bí àṣà ìgbà náà ti rí, nípa títọ́ka sí àṣìṣe ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n èso tí ó ń retí kò jáde. Ọmọ Ọlọ́run ni nígbà náà, a kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ọmọdé a máa pariwo ju àgbà lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. A fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù ní 1843. Ní Abẹ́òkúta, ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà sì gba ìrìbọmi ní 1848. Ní 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ó ti bá ọba, oníṣòwò, abọ̀rìṣà àti Mùsùlùmí jókòó lẹ́bàá odò Ọya, ó sì ti kọ́ láti gbọ́ kí ó tó fọhùn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1871, ó gbéra ní Lọ́kọ́ja, ó gba Bídà àti Ìlọrin kọjá, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1872. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Ìlú tí ó wọ̀ yìí ni ìlú tí ọ̀tẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó tú ilé baba rẹ̀ ká. Ní ààfin Ẹ́mírì, wọ́n bi í léèrè nípa Ànábì Ísà. Crowther kò bú wòlíì wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ pamọ́. Ó ka Ìwé Mímọ́ fún wọn ní èdè Yorùbá, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáhùn. Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ti lè jọ dúró ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ìbí ìyanu Jésù, àti áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Jíbírílù. Àwọn baba wa wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nínú ìjókòó yìí, kò sí ọfà tí ó jáde.

Ẹ má ṣe rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ yìí jẹ́ ọgbọ́n ẹnu lásán. Ẹ wo Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà, wàásù, àlàáfíà: láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n sì mú wọn wọ inú èdè wa. Crowther kò kọ̀ wọ́n nítorí ẹni tí ó kọ́kọ́ lò wọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbàkígbà tí a bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, a ń lo ohun tí aládùúgbò wa mú wá.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ìgbà ogbó rẹ̀, kì í sì í ṣe láti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì rẹ Bíṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó dùn ún gidigidi, ó sì fi ìgbìmọ̀ tí ó jọ ń ṣe pẹ̀lú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi Kristi sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Ó ń ṣètò bí àwọn ìjọ ẹnu odò Ọya yóò ṣe máa bọ́ ara wọn nígbà tí ó sùn nínú Olúwa ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Kí ni àwa rí kọ́? Ìdàgbà ti Ẹ̀mí kì í fi ariwo hàn. Ìtara ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sùúrù ni àgbà rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà kò ní ìgbàgbọ́ tí ó kéré sí ti ọ̀dọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò láti bú ẹlòmíràn kí ó tó lè dúró. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ń dé. Láti ìgbà tí a kó Àjàyí lẹ́rú títí dé ìjókòó rẹ̀ ní ààfin Ìlọrin, àádọ́ta ọdún ni.

Ní ìlú wa yìí, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kristẹni lábẹ́ òrùlé kan náà. Iléyá ń dé, Kérésìmesì ń dé, àwo oúnjẹ sì ń kọjá láti ojúlé dé ojúlé. Níbẹ̀ gan-an, ju orí àga ìjókòó wa nínú ilé ìsìn lọ, ni a ti ń wọn ìdàgbà wa. Bí a ti ń ka Ìwé Mímọ́ tí a sì ń gbàdúrà lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọ̀rọ̀ tí ó ń bí wa nínú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ǹjẹ́ a lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn rẹ̀ nísinsìnyí? Ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, ǹjẹ́ a lè wọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Bí kò bá sì tíì rí bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe sọ̀rètí nù. Ẹni tí ó fi sùúrù tọ́ ọmọ Òṣogùn dàgbà kò tíì dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwa náà.