Ìyá Àwọn Ọmọ ní Kúdẹtì

Bí a bá ń ka ìtàn Ìbàdàn, orúkọ àwọn jagunjagun ni ó máa ń kún ẹnu wa: Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí ibùdó ogun ni ìlú náà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1853, obìnrin kan wọ Ìbàdàn láìmú idà lọ́wọ́, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́ ìròyìn tirẹ̀ pẹ̀lú. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀, aya David Hinderer, ará Jámánì, òjíṣẹ́ C.M.S., ẹni tí ó ti kọ́kọ́ bẹ ìlú náà wò ní 1851.

Wọ́n kọ́ ilé sí Kúdẹtì, wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìjòyè kan, Olúnlọ́yọ̀ọ́, fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé ìyá òyìnbó náà lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin olùkọ́: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí èrè ìwé ní Ìbàdàn, kì í ṣe ohun kékeré kí baba fa ọmọ inú rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́.

Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí. Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tiwọn. Lẹ́tà kò wọlé, owó kò dé. Ìjàyè ṣubú ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Tọkọtaya náà wá ń ta ẹrù wọn kí àwọn ọmọ ilé lè jẹun, títí dé orí agolo òfìfo àti páànù tí a fi tẹ́ inú àpótí. Ẹ̀wà di oúnjẹ wọn. Ibà kò fi ara Anna sílẹ̀. Nínú ìyà yìí kan náà ni wọ́n ra ọmọ tí ogun kó lẹ́rú padà, tí wọ́n sì gbà wọ́n sílé. Ẹlòmíràn lè wí pé kò bọ́gbọ́n mu láti fi ẹnu kún ẹnu nígbà ìyàn. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni a ti mọ ẹni tí ń tọ Olúwa lẹ́yìn. Ìwàásù a máa rọrùn nígbà tí àká bá kún.

Ní 1865, Kápítéènì Maxwell la ọ̀nà titun gba inú igbó wá láti Èkó. Òru ni ó dé, pẹ̀lú ibùsùn aláwọ̀n tí a ó fi gbé aláìsàn náà. Ọkọ rẹ̀ kò lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, nítorí náà òun dúró. Anna ni wọ́n gbé lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tún padà wá. Àìlera ni ó mú un fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, ó sì kú ní Norfolk, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1870.

Daniel Olúbí, ẹni tí ó ti ń bá wọn gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni ó jókòó ti ìjọ náà lẹ́yìn wọn. A fi í jẹ díákónì ní 1871. Àwọn ọmọ tí a fi ẹ̀wà bọ́ ní Kúdẹtì sì wà lára àwọn tí ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀.